Ilẹ̀ tí wọ́n ti fọ́ bátìrì rí: ṣé ìdàrọ́ irin tàbí ẹrẹ̀ kábáàdì lè tún un ṣe?

AgbẹKubwa
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:52 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan.

Mo ra ilẹ̀ kan ní apá Dei-Dei, ẹsẹ̀ bàtà 50 ní 100. Ìyàwó mi fẹ́ máa gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú síbẹ̀, kó máa rí nǹkan gbé lọ sí ọjà Kubwa. Ìgbà tí a ń kọ ebè ni ọkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í hú èèpo bátìrì mọ́tò jáde. Aládùúgbò kan tó ti pẹ́ níbẹ̀ ló wá là á yé mi pé àwọn oní-kọ́ńdẹ́mù ló háyà ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n á fọ́ bátìrì, wọ́n á da omi inú rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á yọ́ òjé rẹ̀ nínú agbada irin, wọ́n á gbé e lọ tà.

Mo gbé iyẹ̀pẹ̀ lọ sí láàbù. Ní igun tí wọ́n ti ń yọ́ ọ, òjé tó wà nínú kílò iyẹ̀pẹ̀ kan jẹ́ 860 mg. Àárín ilẹ̀ jẹ́ 310. Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún jẹ́ 95. pH igun yẹn, ìwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe kan tó, jẹ́ 5.2.

Ẹnìkan tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin ní òun lè bá mi gba ìdàrọ́ wọn, pàǹtí tó ń kù tí wọ́n bá yọ́ irin tán, lọ́fẹ̀ẹ́, owó ọkọ̀ nìkan ni n ó san. Ó ní nílẹ̀ òkèèrè òun ni wọ́n fi ń wo ilẹ̀ tó bá ní májèlé. Wẹ́dà àdúgbò náà ní kí n wá kó ẹrẹ̀ kábáàdì òun. Èwo ni kí n gbà nínú méjèèjì? Àbí wọ́n kàn fẹ́ kó pàǹtí wọn dà sí mi lọ́rùn ni?


DeiDeiBoy
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:10 àárọ̀

Ọ̀gá, ẹ tà á. Tàbí kí ẹ da kọnkéré sí i, kí ẹ kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀fọ́ wo lẹ tún fẹ́ gbìn síbi tí wọ́n ti fọ́ bátìrì?


Ìyá Ìbejì Nyanya
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:31 àárọ̀

Tà á fún ta? Ẹni tó bá rà á náà á bímọ síbẹ̀.

Bàbá, eérú ni kí ẹ dà sí i. Ẹ̀yìn ilé tèmi ní Nyanya, wọ́n ti tún mọ́tò ṣe níbẹ̀ rí, ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú fún ọ́ìlì. Eérú igi tí mo fi ń dáná ni mò ń dà sí i. Ẹ wá wo ẹ̀fọ́ mi lónìí, ó tutù minimini.


Ará Gusau
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:05 àárọ̀

Màmá, ẹ má bínú, kí ẹ̀fọ́ tutù kò ní kí òjé má sí nínú rẹ̀. Òjé kì í tètè pa ewébẹ̀. Ẹni tó jẹ ẹ́ ló ń bá jà.

Gusau ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ Anka àti Bukkuyum, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, bẹ́ sílẹ̀ ní 2010. Àwọn ará abúlé ń wa wúrà, wọ́n ń kó òkúta rẹ̀ wálé, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ọkà ni wọ́n fi ń lọ̀ ọ́. Òkúta yẹn kún fún òjé. Eruku rẹ̀ bo ọgbà ilé, ó wọ orí ẹní, ó wọ ìkòkò. Àwọn ọmọ tó kú ju 400 lọ, ọ̀pọ̀ wọn ò tíì pé ọdún márùn-ún, kí àwọn dókítà MSF, àjọ ìṣègùn kan láti òkèèrè, tó mọ ohun tó ń pa wọ́n. Ní 2015 irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Shikira, ní Rafi, ìpínlẹ̀ Niger, ọmọ 28 ló bá a lọ.

Ìgbà tí wọ́n fẹ́ tún Dareta àti Yargalma ṣe, wọn ò da eérú sí i, wọn ò da ìdàrọ́ sí i. Ọkọ́ àti ṣọ́bìrì ni wọ́n gbé. Níbi tí òjé bá ti ju 1000 mg lọ nínú kílò iyẹ̀pẹ̀ ọgbà ilé, wọ́n hú iyẹ̀pẹ̀ òkè kúrò, wọ́n lọ sin ín sí kòtò tó jìnnà sí abúlé. Níbi tó bá wà láàárín 400 sí 1000, iyẹ̀pẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n kó bò ó. Bagega ló pẹ́ jù, 2013 ni wọ́n tó débẹ̀. Ìmọ̀ràn mi nìyẹn, AgbẹKubwa: ẹ hú igun yẹn kúrò. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ìdàrọ́ fẹ́ fi yín dán nǹkan wò ni.


Samaru_Onílẹ̀
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9:48 àárọ̀

Mo kàwé nípa ilẹ̀ ní ABU, yunifásítì Zaria, iṣẹ́ náà ni mo sì ń ṣe. Ará Gusau sọ òótọ́ nípa Zamfara, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé wọ́n ń fi AgbẹKubwa dán nǹkan wò. Ọ̀nà náà wà, ó ti pẹ́. Ibi tó wúlò sí àti ibi tí kò wúlò sí ni ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀.

Òjé kì í jẹrà, kì í fò lọ. Kò sí ohun tí ẹ máa dà sí ilẹ̀ yẹn tí 860 á fi di 100. Ohun tí láìmù, eérú, ìdàrọ́ àti eegun ń ṣe ni pé wọ́n ń so òjé mọ́lẹ̀, kó má baà yòrò sínú omi tí gbòǹgbò ń fà. Tí ẹ bá tún gbé e lọ sí láàbù lẹ́yìn rẹ̀, iye kan náà ni wọn á kọ fún yín, àfi tí ẹ bá ní kí wọ́n wọn èyí tó lè yòrò lọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni èyí ti ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn àti láàbù.

Bí ó ṣe ń so ó: ilẹ̀ yín kan, 5.2. Omi bátìrì, tó jẹ́ ásíìdì, ló dá kún un, yàtọ̀ sí pé ilẹ̀ pupa tiwa kì í jìnnà sí kíkan tẹ́lẹ̀. Nínú ilẹ̀ tó kan, òjé, sínkì àti cadmium (irin olóró mìíràn) a máa rìn. Tí ẹ bá gbé pH lọ sí 6.5 tàbí 7, wọ́n á dúró. Ohunkóhun tí láìmù bá pọ̀ nínú rẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ yẹn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo pàǹtí ilé iṣẹ́: ó pọ̀, owó rẹ̀ kéré. Ní Palmerton, ní Pennsylvania, níbi tí ilé iṣẹ́ sínkì ti pa gbogbo igi orí òkè, ẹrẹ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìlú tí wọ́n ti tún ṣe ni wọ́n pò pọ̀ mọ́ eérú èédú ilẹ̀, wọ́n fi bo òkè náà, koríko sì hù padà. Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí mo sọ o: koríko ni. Kò sẹ́ni tó ń ká ẹ̀fọ́ lọ sọ́jà níbẹ̀.

Ó wá ku ìdàrọ́. Ìdàrọ́ kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Èyí tí wọ́n ń sọ nínú ìwé ni èyí tó ń ti ara ààrò ńlá tí wọ́n ti ń fi láìmù yọ́ irin, láìmù inú rẹ̀ lè súnmọ́ ìdajì. Ní Jámánì, láti sẹ́ńtúrì 19 ni wọ́n ti ń lọ irú ìdàrọ́ kan tó ní fọ́sífétì di ajílẹ̀. Ní Japan àti China wọ́n ń dà á sí oko ìrẹsì. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ irin tiwa, àlòkù irin ni wọ́n ń yọ́, ààrò iná mànàmáná tí wọ́n ń pè ní induction sì ni púpọ̀ nínú wọn ń lò. Yanrìn ni wọ́n fi ń tẹ́ inú ààrò yẹn. Yanrìn ló máa pọ̀ jù nínú ìdàrọ́ rẹ̀, láìmù rẹ̀ kì í tó nǹkan. Ẹ ó kàn máa san owó ọkọ̀ láti ru òkúta ni. Bí ó bá sì jẹ́ pé eruku tí wọ́n ń gbá nínú fèrè èéfín ni wọ́n fẹ́ kó fún yín, ẹ sá! Sínkì, òjé àti cadmium tó ti ara àlòkù irin jáde, inú eruku yẹn ló ń gbé.

Ẹ béèrè irú ààrò tí wọ́n ń lò. Bí wọn ò bá lè sọ, ẹ má gbà á.


WẹdàKugbo
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11:20 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí oníkábáàdì náà sọ tiẹ̀.

Kábáàdì tí a bá ti da omi sí, tí gáàsì ti jáde tán lára rẹ̀, ohun tó kù nísàlẹ̀ ágbá ni ẹrẹ̀ funfun eléérú yẹn. Láìmù ni lóòótọ́. Mo mọ ẹni tó fi kun ògiri ní Mararaba. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nǹkan tí ènìyàn ń kó tààrà sínú oko. Èkíní, ó ń jẹ ọwọ́. Ọmọ iṣẹ́ tó bá ń fi ọwọ́ lásán kó o, ìka rẹ̀ á bó. Èkejì, kì í jóná tán. Ẹ máa rí kóró kékeré nínú rẹ̀, tí omi bá kàn án, gáàsì tún ń jáde, ẹ ó gbọ́ òórùn rẹ̀ bí áyù. Kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá nítòsí. Ẹ̀kẹta, ẹ wo ibi tí a ń dà á sí lẹ́bàá gọ́tà ní gbogbo ìsọ̀ wa, koríko kì í hù níbẹ̀.

Ẹ sá a sórí ọ̀rá ní tẹ́ẹ́rẹ́, kí oòrùn àti afẹ́fẹ́ lù ú, kí ẹ máa yí i. Tó bá ti gbẹ fúyẹ́, tí kò rùn mọ́, ẹ gún un, kí ẹ sẹ́ ẹ. Wẹ́dà yín kò purọ́, ó kàn fẹ́ rí ibi kó o sí náà ni, bẹ́ẹ̀ lèmi náà ń wá.


Samaru_Onílẹ̀
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11:57 àárọ̀

Ọ̀gá wẹ́dà, ẹ kú iṣẹ́. pH ẹrẹ̀ tútù yẹn ju 12 lọ, ìdí nìyẹn tí koríko fi ń kú. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ń lù ú ni ó ń padà di irú láìmù tí wọ́n ń lọ̀ láti ara òkúta, agbára rẹ̀ á wá rọ̀.

AgbẹKubwa, iye rẹ̀ rèé. Ilẹ̀ yín jẹ́ nǹkan bí mítà 465 níbùú lóròó. Ká ní ẹ fẹ́ lo tọ́ọ̀nù méjì láìmù òkúta fún hẹ́kítà kan, ìyẹn jẹ́ gíráàmù 200 lórí mítà kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ kílò 93, àpò méjì ó dín díẹ̀. Tó bá jẹ́ ti kábáàdì tó gbẹ, tí afẹ́fẹ́ ò tíì yí padà, agbára rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kílò 69 á ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹ má fi ẹrẹ̀ tútù wọn ọ́n, omi ló pọ̀ nínú ìyẹn. Ẹ dà á, ẹ kọ ọ́ pọ̀ mọ́ iyẹ̀pẹ̀, kí òjò kan kọjá lórí rẹ̀, kí ẹ tún pH wọ̀n kí ẹ tó da òmíràn sí i. Ilẹ̀ tí láìmù bá pọ̀ jù nínú rẹ̀ a máa fi sínkì àti irin du ewébẹ̀, ẹ̀fọ́ á máa pọ́n.


Ọmọ Ọ̀fà Minna
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1:15 ọ̀sán

Kí lẹ ń fi láìmù da ara yín láàmú sí? Fọ́sífétì ni àṣírí. Òjé bá fọ́sífétì pàdé, wọ́n di òkúta kan tí kò yòrò, tí ikùn ọmọdé pàápàá ò lè tètè tú. Ẹ lọ ra SSP, fátíláísà tó ní fọ́sífétì, ẹ dà á sí i dáadáa, ó tán.


KẹmísìJos
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2:40 ọ̀sán

Òótọ́ ni Ọmọ Ọ̀fà sọ nípa òkúta yẹn, pyromorphite ni orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò "dáadáa" yẹn ná. Ní Joplin, ní Missouri, níbi tí ilé iṣẹ́ òjé ti ba ilẹ̀ jẹ́, ọ̀kan lára ìwọ̀n tí wọ́n dánwò ni kí fọ́sífọ́ọ̀sì jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún iyẹ̀pẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ òkè ilẹ̀ AgbẹKubwa, tí ẹ bá wọ̀n ọ́n dé sẹ̀ǹtímítà 15, súnmọ́ tọ́ọ̀nù 90. SSP tó máa tó bẹ́ẹ̀ lé ní àpò 230! Yàtọ̀ sí owó, òjò àkọ́kọ́ á gbá a lọ sínú odò. Mo gbà pé ìwọ̀n tó kéré sí i lè ṣe díẹ̀, ṣùgbọ́n "ó tán" kò sí níbẹ̀.

Ohun tó wá dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé kò sẹ́ni tó béèrè nípa arsenic, májèlé mìíràn tó lè wà níbẹ̀, Samaru_Onílẹ̀ pàápàá ò béèrè. Ẹ̀yin ọ̀gá, òjé inú bátìrì mọ́tò kì í dá wà. Wọ́n máa ń po irin kan tó ń jẹ́ antimony mọ́ ọn kó lè le, arsenic díẹ̀ sì máa ń wà níbẹ̀. Arsenic kò jọ òjé. Bí ẹ bá ń gbé pH sókè, òjé ń dúró, arsenic lè bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Bí ẹ bá da fọ́sífétì sí i, fọ́sífétì á lé arsenic kúrò lára irin inú ilẹ̀ tó dì í mú, á gba àyè rẹ̀. Ohun tó wo ọ̀kan sàn lè jí èkejì dìde. Ẹ lọ wọn arsenic ná kí ẹ tó da ohunkóhun sí i. Láàbù tó bá ní ẹ̀rọ tó lè wọn òjé, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè wọn arsenic àti antimony, kì í ṣe gbogbo wọn ló lè ṣe é. Ẹ béèrè ní Sheda lápá Kwali, ilé ìwádìí ìjọba wà níbẹ̀.


Samaru_Onílẹ̀
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 3:02 ọ̀sán

Mo gbà nípa arsenic. Àmọ́ ilẹ̀ pupa tiwa kún fún irin, irin yẹn sì ń di arsenic mú gan-an, nítorí náà mi ò rò pé á burú tó bí KẹmísìJos ṣe sọ ọ́, bí pH ò bá kọjá 7. Kí ẹ wọ̀n ọ́n ṣá.


BàbáSharada
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:33 ìrọ̀lẹ́

Kano ni mo wà, ó ti pẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀fẹ́.

Níbí, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń pa awọ ní Challawa, Sharada àti Bompai, omi wọn ń ṣàn lọ sínú odò tí àwọn tó ń gbin ewébẹ̀ ń fà sí oko. Chromium, irin kan tó lè di májèlé, ni wọ́n fi ń pa awọ. Ẹrẹ̀ ilé aláwọ dúdú, ó sanra, irun ẹran àti láìmù wà nínú rẹ̀, ojú àgbẹ̀ a máa wọ̀ ọ́ torí ọ̀gbìn á kọ́kọ́ yọ bí nǹkan. Mo ti rí ẹni tó fi owó ara rẹ̀ gbé e lọ sóko. Tí ẹ bá bi í pé kí ló wà nínú rẹ̀, á ní "taki ne kawai", ajílẹ̀ lásán ni.

Pàǹtí tí ẹ bá fẹ́ fi wo ilẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gbé òun gan-an lọ sí láàbù. Owó àyẹ̀wò ìdàrọ́ kan kò tó owó tírélà kan. Ẹni tó ń fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, ó ń sanwó fún ẹlòmíràn tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó bá a kó o.


Ìyá Ìbejì Nyanya
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5:01 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ti bà mí lẹ́rù. Eérú tèmi wá ńkọ́?


KẹmísìJos
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5:20 ìrọ̀lẹ́

Ìyá, eérú igi lásán dára, láìmù àti kálì ló wà nínú rẹ̀. Èyí tí kò dára ni eérú pákó tí wọ́n kùn lọ́dà, pákó tí wọ́n fi oògùn ikán pa, àti eérú ibi tí wọ́n ti jó ọ̀rá àti wáyà. Oògùn pákó kan tí wọ́n ń lò dáadáa tẹ́lẹ̀, arsenic àti chromium ló wà nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé pákó àlòkù láti ibi iṣẹ́ ìkọ́lé lẹ fi ń dáná, ẹ má da eérú rẹ̀ sí ẹ̀fọ́.

Ẹ̀yìn ilé yín pàápàá, ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ibi tí wọ́n ti tún mọ́tò ṣe kì í ṣe ọ́ìlì nìkan ló máa ń kù síbẹ̀.


Ìyá Bida
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6:44 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ìrẹsì ni mò ń bó, èmi àti ẹgbẹ́ wa ní apá Badeggi. Àwọn ọmọ ìwádìí wá bá wa gba èèpo ìrẹsì, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ṣe èédú fún ilẹ̀. A rò pé ẹ̀fẹ̀ ni, torí sísun la máa ń sun ún kó lè kúrò lójú ọ̀nà.

Ohun tí wọ́n kọ́ wa nìyí: ẹ má jẹ́ kó di eérú. Eérú èèpo ìrẹsì, bí yanrìn ló rí, kò ní agbára láìmù púpọ̀. Ẹ fi nǹkan bò ó nígbà tó bá ń jó kí afẹ́fẹ́ má baà ráyè wọlé, kó di èédú dúdú. Omi lẹ ó fi pa á. Èédú yẹn ní ihò wẹ́wẹ́ nínú, ó ń fa nǹkan mọ́ra, ó sì ń gba omi dúró. A pò ó mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà. Èmi ò mọ ti òjé o, ti ilẹ̀ tó ti rẹ̀ ni mo lè jẹ́rìí sí.


Ọmọ Ọ̀fà Minna
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:15 alẹ́

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká fi SSP sílẹ̀. Eegun ńkọ́? Eegun màlúù, fọ́sífétì àti láìmù ni gbogbo rẹ̀. Ibi ìpẹran ní Karu àti Dei-Dei, òkìtì ni. Mo kà á pé ní Oakland, ní Kalifọ́níà, ní 2011, eegun ẹja ni ìjọba wọn lọ̀ mọ́ iyẹ̀pẹ̀ ọgbà ilé àwọn ènìyàn ní South Prescott torí òjé. Ẹja tí wọ́n ti gé ẹran ara rẹ̀ tà! Pàǹtí náà ni.


Samaru_Onílẹ̀
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:30 alẹ́

Èyí gan-an ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ohun tí a ti sọ láti àárọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí ètò rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í.

Eegun kì í yòrò nínú ilẹ̀ tí kò kan. Bí ẹ bá kọ́kọ́ da láìmù tàbí kábáàdì, tí pH ti di 7, eegun á kàn jókòó síbẹ̀ bí òkúta wẹ́wẹ́. Ilẹ̀ AgbẹKubwa kan báyìí, ìkan rẹ̀ yẹn á bá wa ṣiṣẹ́. Ẹ lọ eegun mọ́ ọn nígbà tó ṣì kan, kí ẹ fún un ní àkókò òjò kan, ẹ̀yìn náà ni kí ẹ wá da láìmù. Ní Joplin tí KẹmísìJos mẹ́nu bà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é: ásíìdì fọ́sífétì ṣáájú, láìmù tẹ̀ lé e.

Ẹ se eegun náà kí ọ̀rá ara rẹ̀ lè kúrò, ẹ sá a, kí ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ń lọ oúnjẹ adìyẹ. Ẹ má jó o títí á fi funfun, ó máa ń le ju kó yòrò lọ. Ajá á máa hú u o, ẹ fi ọgbà yí ibẹ̀ ká.

Tí arsenic bá yọjú nínú àyẹ̀wò, ẹ fi eegun sílẹ̀, ká jọ tún un rò.


NọọsìGwagwalada
Ọjọ́ Àìkú, 6:10 àárọ̀

Mo ka gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ilẹ̀ lẹ ń wò. Àwọn ọmọ ńkọ́? AgbẹKubwa, ta ló ń bá ìyàwó yín lọ sóko?

Òjé tó ń wọ ara ọmọdé, ọ̀nà ẹnu ló pọ̀ jù. Wọ́n ń ṣeré nínú iyẹ̀pẹ̀, wọ́n ń fi ìka sẹ́nu, eruku ń bá aṣọ bàbá wálé. Ẹ lè so gbogbo òjé mọ́lẹ̀ kí gbòǹgbò má rí i, ọmọ tó bá gbé iyẹ̀pẹ̀ yẹn mì ti gbé e mì náà ni. Bí iyẹ̀pẹ̀ bá ti ju 200 lọ ní ibi tí ènìyàn ń gbé, ìjọba Amẹ́ríkà ti ń sọ láti 2024 pé kí wọ́n yẹ ibẹ̀ wò dáadáa. 400 ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Igun yín jẹ́ 860, àárín yín 310.

Ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wò. Àjọ WHO sọ ní 2021 pé bí ó bá ti dé 5 nínú ìwọ̀n tí láàbù ń kọ ní µg/dL, kí ẹ wá orísun rẹ̀, kí ẹ gbé e kúrò. Ẹ má dúró de àmì àìsàn, ọmọ lè máa sáré kiri kí òjé máa jẹ ọpọlọ rẹ̀. Bí ìyàwó yín bá lóyún tàbí ó ń fún ọmọ lọ́mú, kó má fẹsẹ̀ kan ibẹ̀ mọ́. Ẹ bọ́ bàtà síta, ẹ fọ aṣọ oko lọ́tọ̀.


AgbẹKubwa
Ọjọ́ Àìkú, 8:40 àárọ̀

Ẹ ṣeun gan-an. Nọ́ọ̀sì, àwọn ọmọ mi méjèèjì ló máa ń tẹ̀ lé ìyá wọn. Ọ̀la ni a ń gbé wọn lọ fún àyẹ̀wò. Ìyàwó mi ò lóyún. Mo ti ti géètì ibẹ̀.

Mo pe ẹni tó fẹ́ kó ìdàrọ́ fún mi, mo bi í ní irú ààrò tí wọ́n ń lò. Ó ní òun ò mọ̀, pé "ìdàrọ́ ṣáà ni ìdàrọ́." Mo ti fi í sílẹ̀.

Ìbéèrè mi kù méjì. Ìsàlẹ̀ tó jẹ́ 95, ṣé a lè gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀? Tí a bá sì ní kí á hú igun tó burú, níbo ni a máa kó o sí?


Ará Gusau
Ọjọ́ Àìkú, 9:15 àárọ̀

Mo ní kí ẹ hú u. Tí igun yẹn bá jẹ́ mítà 10 ní 5, tí ẹ sì hú sẹ̀ǹtímítà 20, iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí tọ́ọ̀nù 13. Típà méjì lè kó o. Ẹ ti da eegun sí i o, ẹ ò tíì da eegun sí i o, òjé yẹn ò sí níbẹ̀ mọ́.


Samaru_Onílẹ̀
Ọjọ́ Àìkú, 9:50 àárọ̀

Típà méjì tó máa lọ dà á síbo? Lẹ́bàá títì, kó di ti ọmọ ẹlòmíràn? Ní Zamfara, kòtò tí wọ́n dìídì gbẹ́ ló gbà á, àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ló dúró tì í. Bí AgbẹKubwa bá máa hú u, kó kọ́kọ́ kọ̀wé sí NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àyíká, kó sì béèrè lọ́wọ́ wọn ibi tí wọ́n gbà láyè.

Ṣùgbọ́n mo fara mọ́ Ará Gusau lórí nǹkan kan: èèpo bátìrì àti kóró òjé tí ojú ń rí, ẹ ṣà á kúrò ṣáájú ohunkóhun. Kò sí eegun tàbí láìmù tó lè so kóró òjé. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi omi wọ́n ilẹ̀ kí eruku má baà gbé e. Tí ẹ bá ṣà á tán, ẹ tún un wọ̀n. Ó ṣeé ṣe kí 860 yẹn já wálẹ̀, torí kóró kan ṣoṣo lè ba èsì jẹ́.

Ní ti ìsàlẹ̀: ẹ̀fọ́ ewé àti ohun tó ń ta nínú ilẹ̀, bíi kárọ́ọ̀tì àti ànàmọ́, ni kí ẹ yẹra fún ní gbogbo àárín àti igun. Àgbàdo, ilá àti tòmátò kì í gbé òjé púpọ̀ dé èso, ìwọ̀nyẹn lè wà ní àárín tí ẹ bá ti wo ilẹ̀ náà, àmọ́ eruku ara wọn ńkọ́, ẹ fọ̀ wọ́n. Ní 95, ẹ ra iyẹ̀pẹ̀ tó mọ́ àti ìgbẹ́ adìyẹ, ẹ fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ebè gíga, orí rẹ̀ ni kí tẹ̀tẹ̀ wà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá ká ẹ̀fọ́, ẹ má tíì gbé e lọ sọ́jà, láàbù ni kó kọ́kọ́ dé. Ìlànà Codex, ìlànà oúnjẹ àgbáyé, fún ẹ̀fọ́ ewé ni kí òjé má ju 0.3 mg lọ nínú kílò ẹ̀fọ́ tútù. Ibẹ̀ la máa ti mọ̀, kì í ṣe inú iyẹ̀pẹ̀.

Igun yẹn, lẹ́yìn eegun àti láìmù, ẹ gbin koríko tó ń tàn bo ilẹ̀ síbẹ̀, kí ẹ má tú u mọ́.


DeiDeiBoy
Ọjọ́ Àìkú, 10:12 àárọ̀

Ṣé mi ò ní kí ẹ da kọnkéré sí i láti àárọ̀ àná? Ohun tí ẹ padà sọ náà nìyẹn, koríko lẹ kàn fi rọ́pò rẹ̀.


Samaru_Onílẹ̀
Ọjọ́ Àìkú, 10:20 àárọ̀

Ní igun yẹn, o jàre o. Kọnkéré á gbé eruku dúró ju koríko lọ. Kí wọ́n kọ́ ilé ìkó-irinṣẹ́ síbẹ̀, mi ò ní bá ẹ jà.


KẹmísìJos
Ọjọ́ Àìkú, 11:05 àárọ̀

AgbẹKubwa, tí ẹ bá ń gbé iyẹ̀pẹ̀ lọ fún arsenic, ẹ má bù ú níbì kan ṣoṣo. Ẹ bù ú ní ibi bíi mẹ́wàá nínú igun yẹn, ẹ pò ó pọ̀ nínú báfù ike tó mọ́, kí ẹ fa díẹ̀ yọ nínú rẹ̀. Bákan náà fún àárín àti ìsàlẹ̀, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ kọ ọ́ fún láàbù pé ẹ fẹ́ èyí tó wà nínú rẹ̀ lápapọ̀ àti èyí tó lè yòrò, méjèèjì, kí ẹ lè rí ohun tí ẹ máa fi wé èsì lẹ́yìn òjò.


WẹdàKugbo
Ọjọ́ Àìkú, 12:30 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n, tí àkókò láìmù bá tó, ẹ fi tó mi létí. Mo ti sá ágbá kan sórí ọ̀rá. Ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ gẹ́gẹ́ bí BàbáSharada ṣe wí, ẹ gbé díẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò ná.